Iye Owó Mẹ́ta Tí Fuatino Kọ Síta

Ṣé ipò wà ní ọ̀run? Fuatino, ọmọ Iefata, ló bi mí ní ìbéèrè yìí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí mò ń ká aṣọ funfun pásítọ̀ kúrò lórí okùn. Títí di òní tí mo fi jókòó ti ìwé yìí, n kò rí èsì kankan fún un. Èmi ni ìyàwó pásítọ̀ abúlé Vailoto. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Ìsinmi pé àyè wà fún gbogbo wa lọ́dọ̀ Bàbá, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fẹ̀yìn ti òpó bí olóyè nílé ìpàdé, àti ẹni tí yóò jókòó sí etí ilé níbi tí òjò ti ń ta síni lára, ìyẹn ni n kò sọ fún wọn rí, torí n kò mọ̀ ọ́n.

N kò ní purọ́, inú ló bí mi tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Mo ti gbàdúrà kí ìbínú náà lọ, kò lọ. Kí n kúkú sọ ọ̀rọ̀ Fuatino bó ṣe rí.

Iṣẹ́ ìkànnì ni Fuatino ń ṣe. Bí ènìyàn bá ní ṣọ́ọ̀bù, tàbí ilé àlejò, tàbí ẹgbẹ́ eléré bọ́ọ̀lù, tó sì fẹ́ kí ayé rí òun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Fuatino ni yóò bá a to ojú-ewé rẹ̀: àwòrán níbí, ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ibi tí wọn yóò tẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ sanwó. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe iṣẹ́ náà ní Auckland. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí kò sí ẹni tí yóò máa se kókò fún Iefata mọ́, ló di ẹrù rẹ̀ tó padà wálé. Ó gbé tábìlì sí igun ilé bàbá rẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára díẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà lé e, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí dókítà eyín kan ní Apia, olú-ìlú wa, fi gbé iṣẹ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé àlejò káàkiri erékùṣù dé. Ó mọ iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó jiyàn ìyẹn.

Ohun tó ti gbàgbé lókè òkun ni bí a ṣe ń dá iye lé nǹkan láàárín ẹbí. Gbogbo wa la bá ara wa tan ní Vailoto. Àwọn ìbátan kò jẹ́ kó fẹ̀yìn lélẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

"Fuatino ọmọ mi, bá mi ṣe tèmi náà. Ṣebí kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é, ìwọ kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni."

"Àǹtí, ọwọ́ mi ló ń tẹ̀ ẹ́ o, orí mi ló sì ń rò ó."

"Háà! Orí tá a jọ ní nínú ìdílé ni o fẹ́ gbowó lé?"

Fuatino á rẹ́rìn-ín, á sì ṣe é. Ẹni kan á gbé agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Ẹlòmíràn á san owó tó ṣe gidi. Ẹlòmíràn á mú ẹnu lásán wá. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ti pàdé níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, wọ́n á ti ṣe àfiwé, inú á sì bí ẹni tó sanwó. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ lo gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, o wá gba owó lọ́wọ́ èmi tí mo pọ̀n ẹ́ dàgbà!" Ìyà yìí ló kọ́ ọ tó fi sọ fún bàbá rẹ̀ pé láti ọjọ́ náà lọ, òun yóò kọ iye owó òun síta gbangba, kí ọmọ ẹbí àti àlejò máa rí ohun kan náà. Ìdájọ́ òdodo ló rò pé òun ń ṣe. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, mo sì rò bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Àsìkò yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin abúlé pinnu pé kí Vailoto ní ìkànnì kan ṣoṣo fún gbogbo ilé tó ń gba àlejò létí òkun. Ìdílé márùn-ún ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ahéré aláìlógiri rẹ̀ lórí iyanrìn. Ìjà kì í tán láàárín wọn lórí àlejò tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ìkànnì yóò parí ìjà, ohun tí a sọ nìyẹn. Àwọn olóyè fọwọ́ sí i. Fuatino wá kọ iye owó mẹ́ta sára pátákó ní ilé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin.

Àádọ́jọ tálà, owó ilẹ̀ wa, ni ti ìsọ̀rí kìn-ín-ní: orúkọ ilé, nọ́ńbà fóònù, ó parí. Irínwó tálà ni ìkejì: àwòrán wà níbẹ̀, Fuatino yóò sì bá wọn kọ ọ̀rọ̀ tó wuyì. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni ìkẹta. Ẹni tó bá san án yóò ní ojú-ewé tirẹ̀, àlejò yóò lè yan ọjọ́ kó sì sanwó láti ilẹ̀ rẹ̀, Fuatino yóò máa mójú tó o fún ọdún kan gbáko, yóò sì wá ẹnì kan tí wọ́n mọ̀ láwùjọ tí yóò kọ ẹ̀rí nípa ilé náà tí yóò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Lábẹ́ ìyẹn ló fi ọ̀rọ̀ kan kún un, pé àwọn tó bá mú ìsọ̀rí kẹta ni yóò wà lókè lójú-ewé abúlé.

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni àṣìṣe rẹ̀, bí a bá fẹ́ pè é ní àṣìṣe. Lójú tirẹ̀, ẹni tí àlejò lè sanwó fún lójú ẹsẹ̀ ni ó yẹ kí àlejò kọ́kọ́ rí. Ní Vailoto, òkè ní ẹni tó ni ín kí wọ́n tó bí wa. Nínú ilé ìpàdé, òpó kọ̀ọ̀kan ní oyè tó ń fẹ̀yìn tì í. Ọmọdé tó ń gbé ife káàkiri níbẹ̀ mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbé e fún. Gbogbo wa ka pátákó náà. Kò sí ẹnì kan tó wí nǹkan kan, torí kò sí ẹni tó rò pé "òkè" tó kọ síbẹ̀ lè jẹ́ ohun tí a ń rà.

Tuisamau, olóyè tó ga jù ní abúlé, fúnra rẹ̀ ló wá mú tirẹ̀.

"Èwo ni ti àwòrán?" ló wí. "Ta ni kò mọ ilé mi? Fún mi ní ti àádọ́jọ."

"Bàbá, àwọn àlejò kò mọ̀ ọ́n o," ni Fuatino wí. "Àwòrán ni wọ́n fi ń yan ilé."

"Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ pàdé."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó sanwó, ó lọ. Àwọn ìdílé mẹ́ta mìíràn mú ìsọ̀rí kejì. Ó wá ku Losivale.

Losivale ni opó tí ahéré rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun etíkun, lẹ́bàá ibi tí odò ti ń wọ inú òkun. Ìjì ti gbé díẹ̀ lọ nínú àwọn ahéré náà. Àwọn ará wa kì í tọ́ka àlejò síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ìjì yẹn kan náà ṣí òrùlé ilé pásítọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a sùn títí wọ́n fi kan òrùlé mìíràn. Mo mọ bí ẹní rẹ̀ ṣe mọ́ tó. Mo mọ ẹja tó máa ń sè sínú omi àgbọn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Auckland, òun ló fi owó ránṣẹ́.

"Ìyá Losivale, ṣé ẹ gbọ́ iye rẹ̀?" Fuatino bi í.

"Mo gbọ́. Ọmọ mi ní kí n mú èyí tó dára jù. Mi ò mú èyí tó dára jù rí láyé mi, jẹ́ n wò ó bó ṣe máa ń rí."

Fuatino ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni ń ránṣọ ìgbéyàwó. Ó dúró sínú omi kó lè ya àwòrán àwọn ahéré náà nígbà tí oòrùn ń yọ. Ọjọ́ tí ìkànnì náà ṣí, a péjọ yí fóònù kan ká nílé ẹgbẹ́. Ilé Losivale ló wà lókè, ó ń tàn, òkun búlúù lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tẹ̀lé e. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni orúkọ Tuisamau àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà. Mo rántí pé ẹnì kan nínú wa fi ọwọ́ bo fóònù náà.

Brisbane lókè òkun ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Tuisamau kan tó wà níbẹ̀ rí i, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó jù ú sáàárín gbogbo ìdílé lórí fóònù. "Bàbá, ṣé wọ́n ti rọ̀ yín lóyè ni?" Ẹlòmíràn ní, "Ẹ kí Ọba Losivale fún wa." Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ̀rín ti dé Sydney, ó ti dé Auckland, ó sì ti yí padà wá sílé.

Moeolo, agbẹnusọ àwọn olóyè, ló wá sílé Iefata. Ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀ lérí ara wọn, ó gba ife kòkó gbígbóná, ó bá wọn sọ̀rọ̀ òjò, ó bá wọn sọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tó ń wọ oko olóko. Fuatino wà nídìí tábìlì rẹ̀, ó mọ̀ pé kì í ṣe tìtorí ẹlẹ́dẹ̀ ló ṣe wá. Nígbà tí ife gbẹ, Moeolo gbé e kalẹ̀.

"Iefata, wọ́n ní ọmọ rẹ ti ń fi ènìyàn joyè."

"Ọmọ mi kẹ̀? Níbo ló ti rí irú agbára bẹ́ẹ̀?"

"Ó rí i o. Ó ti fi Losivale jẹ olórí Vailoto. Gbogbo Brisbane ló gbọ́. Àwa tá a wà nílé nìkan ni wọn ò pè síbi ìwúyè."

"Bàbá Moeolo, ẹ jọ̀ọ́," ni Fuatino wí láti igun rẹ̀, "kì í ṣe oyè. Iye owó ni. Ohun tí Bàbá Tuisamau rà ni mo fún wọn."

Moeolo kò wo apá ibi tó wà. Iefata ló dojú kọ nígbà tó ń dáhùn. "Ó ní ó rà. Tuisamau yóò wá máa ra ìjókòó ara rẹ̀?"

"Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Savaii, ẹ kì í sanwó ni? Ẹni tó bá sì sanwó yàrá òkè, ṣé kì í ṣe òkè ló ń jókòó sí?"

"Mo máa ń san. Ṣùgbọ́n bí Tuisamau bá wọ ọkọ̀ yẹn, àwọn tó ti jókòó á dìde fún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Nínú ọkọ̀ ọmọ rẹ, kò sí ẹni tó dìde fún un." Ó wá yíjú sí i wàyí. "Ọmọ tá a rán lọ sílé ẹ̀kọ́. Nílẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ti kọ́ ẹ pé abúlé ò ní orí, àbí?"

"Wọ́n kọ́ mi pé kí n má gba owó ẹni kí n má sì fún un ní ohun tó rà."

"Mo ti gbọ́." Moeolo dìde, ó gbọn ìyẹ̀pẹ̀ kúrò lára aṣọ tó ró mọ́dìí. "Kòkó náà dùn. Ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta nílé ìpàdé, Iefata."

Ilé ìpàdé wa kò ní ògiri, torí náà gbogbo abúlé ló máa ń gbọ́ ohun tí kò sí ẹni tó pè wọ́n sí. Fuatino jókòó lábẹ́ igi máńgòrò níta, torí kò joyè, kò sì ní ẹnu nínú ilé yẹn. Bàbá rẹ̀ wà nínú, ṣùgbọ́n oyè Iefata kéré, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe jókòó lórí ẹjọ́ rẹ̀: a gbé ẹjọ́ síwájú, a gbé ẹnu tó lè gbèjà rẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Wọ́n sọ̀rọ̀ yíká ilé kí ó tó kan Iefata. Nígbà tó fi máa kàn án, wọ́n ti parí rẹ̀.

Iefata ní, "Ọmọ mi kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó kọ ọ́ sára pátákó. Gbogbo wa la ní ojú."

"A ní ojú," ni Moeolo dáhùn, "a kò mọ̀ pé a nílò rẹ̀ láti mọ ipò ara wa ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Fuatino tún ìkànnì náà tò bí abúlé ṣe ń jókòó, kí Iefata sì mú páálí ẹja inú agolo àti ẹlẹ́dẹ̀ kan wá láti fi tu ìgbìmọ̀ lójú. Ọkọ mi ni wọ́n ní kó gbàdúrà ìparí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àlàáfíà. Mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná mi. Àlàáfíà wo? Obìnrin kan wà lábẹ́ igi níta tí omi ń jáde lójú rẹ̀ torí ó fún opó ní ohun tí opó sanwó fún, a wá ń dúpẹ́. Nígbà tó délé mo bi í léèrè. Ó wo abọ́ tó wà níwájú wa, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí ilé Tuisamau gbé wá fún pásítọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ìyá, ta ló ń bọ́ wa?" Mo ti abọ́ ẹran náà sí i. Mo gbàdúrà lórí rẹ̀ bí ìṣe mi, àmọ́ kò dá mi lójú pé àdúrà náà rékọjá òrùlé.

Losivale ti dé ilé Iefata ṣáájú kí Fuatino tó délé láti ibi ìpàdé.

"Yọ mí kúrò lókè yẹn, ọmọ mi. Mo mọ ìsàlẹ̀. Òkun alára mọ̀ mí níbẹ̀."

"Ìyá, èmi ni mo tà á fún yín. Bí mo bá gbà á padà, olè ni mí."

"Èwo ni olè níbẹ̀? Mo ti rí i pé ó dára. Ìyẹn náà tó."

Iefata ló bá wọn dá sí i. Ó ní kí Fuatino tún ojú-ewé abúlé tò bí wọ́n ṣe wí, torí abúlé ló ni ín. Ṣùgbọ́n ojú-ewé Losivale fúnra rẹ̀, àwòrán rẹ̀, ibi tí àlejò ti ń yan ọjọ́, kí ó má fọwọ́ kan án, torí Losivale ló ni ìyẹn. Fuatino bú sẹ́kún, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dá ìyàtọ̀ owó tó kan òkè náà padà fún Losivale, ó sì fi ilé Tuisamau sí òkè pátápátá.

Ẹ fojú inú wò ó. Òkè pátápátá, àyè funfun gbalasa, orúkọ kan àti nọ́ńbà fóònù kan. Ohun tí àádọ́jọ tálà rà nìyẹn. Lábẹ́ rẹ̀ ni òkun ti ń tàn nínú àwòrán àwọn yòókù. Àlejò tó bá ṣí i á rò pé nǹkan bàjẹ́ lórí fóònù òun, á yára sọ̀ kalẹ̀. Brisbane tún rẹ́rìn-ín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Bàbá, wọ́n ti gbé yín padà sórí oyè, àmọ́ wọ́n ti kó ẹrù ilé yín lọ."

Lọ́tẹ̀ yìí Tuisamau kò rán agbẹnusọ. Òun fúnra rẹ̀ ló wá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, Iefata sì sáré tẹ́ ẹní fún un, kò jókòó.

"Fi àwòrán sí tèmi. Fi ibi tí wọ́n ti ń sanwó sí i. Kó rí bíi ti obìnrin yẹn gẹ́lẹ́. Ti obìnrin yẹn, yọ àwòrán rẹ̀ kúrò, kó ku orúkọ àti nọ́ńbà lásán bó o ṣe fún mi."

"Bàbá, mo máa ṣe é fún yín tayọ̀tayọ̀," ni Fuatino wí, ó kúnlẹ̀. "Ìsọ̀rí kẹta ni. Bí ẹ bá san ìyókù, lónìí ni mo máa bẹ̀rẹ̀."

"O fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì?"

"Oyè yín gbé yín dé òkè, mo sì fi yín síbẹ̀. Àwòrán kò sí nínú oyè, Bàbá. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mi ò lè gba ohun tí Ìyá Losivale rà kí n gbé e fún ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, ì báà ṣe bàbá tó bí mi lọ́mọ ló ń béèrè."

Tuisamau wo Iefata. Iefata lè sọ pé kí ọmọ òun ṣe é, gbólóhùn kan péré ló kù. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀, kò sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e ni wọ́n ní kí Iefata má wá sí ilé ìpàdé mọ́ títí ọmọ rẹ̀ yóò fi gbọ́ràn. Láti ìgbà náà, bí àwọn olóyè bá ń péjọ, ilé ló ń wà, ó ń fi èèpo àgbọn lọ́ okùn lórí itan rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń lọ́ ọ nínú ìpàdé kí ọwọ́ má baà dilẹ̀. Fuatino ń wò ó láti ìdí tábìlì. Ó sọ fún mi pé bàbá òun ṣì ń jókòó sí etí ilé, bẹ́ẹ̀ kò sí olóyè kankan nínú ilé náà tó jókòó síwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára ju gbogbo ìyókù lọ.

Àlejò ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan ọjọ́ lọ́dọ̀ Losivale. Wọ́n á sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á béèrè ọ̀nà, àwọn ará wa, àwọn tó ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ìjọ, á sì sọ fún wọn pé ibẹ̀ kò dára, pé omi ń wọ ibẹ̀, pé wọn kò mọ obìnrin náà dáadáa. Wọn kò mọ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé láti kékeré! Ẹlòmíràn nínú àwọn àlejò náà á yí padà. Ẹ̀rí ẹni tí wọ́n mọ̀, tí Fuatino ṣèlérí nínú ìsọ̀rí kẹta, òun nìkan ló lè pa irú ẹnu bẹ́ẹ̀ dé. Òun nìkan náà ni Fuatino kò tíì rí ṣe. Ó lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ọ̀gá ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Ó lọ bá nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ní ọkọ òun kò ní gbà. Díákónì kan kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Moeolo sì ti ń sọ ọ́ kiri pé, "Ẹ wò ó, òun tó ní òun kì í gba owó ẹni lásán, òun náà kò tíì fún Losivale ní gbogbo ohun tó tà."

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n ka ọrẹ ìdílé kọ̀ọ̀kan fún ìtọ́jú pásítọ̀, bí a ṣe máa ń kà á, orúkọ àti iye, sókè ketekete. Ti Tuisamau ló ṣáájú, ìjọ mì tìtì. Ti Losivale ló kẹ́yìn, tálà mẹ́wàá, ẹnì kan wúkọ́. Láàárín àwọn akọrin, Fuatino bọ́ fìlà funfun tí àwa obìnrin máa ń dé lọ sí ìjọ kúrò lórí, ó gbé e lé itan, kò tún dé e mọ́ títí a fi jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ló wá bá mi nídìí okùn aṣọ. Ó bá mi di etí aṣọ kan mú, a jọ ká a.

"Màmá, kí ló yàtọ̀? Mo kọ iye owó mẹ́ta sára pátákó, wọ́n ní mò ń to ènìyàn. Lánàá wọ́n to gbogbo wa níwájú Ọlọ́run, a sì ní àmín."

"Ọrẹ nìyẹn, Fuatino. Kì í ṣe ọjà."

"Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀?"

Mo nawọ́ mú aṣọ mìíràn lórí okùn. Ìgbà náà ló bi mí pé ṣé ipò wà ní ọ̀run, kì í ṣe pẹ̀lú ẹ̀gàn, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni, bí àwọn ọmọ kéékèèké mi ṣe máa ń béèrè. Mo wo aṣọ ọwọ́ mi. Aṣọ náà mọ́. Ilé Tuisamau ló ra ìyẹn náà.

"Mi ò mọ̀," ni mo wí. Ó mi orí, ó jọ pé inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn díẹ̀ pé n kò purọ́ fún un. Ó tẹ́ aṣọ sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú mi lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ sùn nílé Ìyá Losivale nígbà tí ìjì ṣí òrùlé yín. Ẹ jẹun lọ́wọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ohun tí ẹ rí níbẹ̀, kó má ju ìlà mélòó kan lọ, kí n gbé e sójú-ewé wọn. Kí ẹ sì fi orúkọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe 'ìyàwó pásítọ̀' o, Màmá. Orúkọ yín gan-an, èyí tí bàbá yín sọ yín."